Eyín Ọlọ Àtijọ́

Ní ilẹ̀ Adja-Ouèrè, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí àgbẹ̀ sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, lórí ilẹ̀ pupa òkè àti ní ẹ̀bá ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn ará Ọ̀họ̀rí, kò sí ohun èlò kan tí ó sún mọ́ ikùn ènìyàn tó ọlọ. Àgbàdo, arìnhòòhò-lọ-sóko tí í kó igba aṣọ bọ̀ wálé, kò tíì di oúnjẹ lọ́jọ́ tí a bó o, kò sì tíì di oúnjẹ lọ́jọ́ tí a sá a gbẹ. Ìgbà tí ọlọ bá rún un kúnná ni ìyá tó lè rò ó ní ọkà, kí ó pọn ọ́n ní ẹ̀kọ, tàbí kí ó sè é ní ògì fún aláìsàn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá rí ilé ìlọgbàdo tí òrùlé rẹ̀ ti jìn, tí ìpẹtà ti bo ẹ̀rọ inú rẹ̀, tí ewúrẹ́ sì ti sọ ọ́ di ibùsùn, ohun tí ó máa ń dùn mí ni pé ọgbọ́n kan ń kú lọ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kéde òkú rẹ̀.

Àwọn ìyá-ńlá wa mọ ọlọ ní òkúta méjì péré: ìyá ọlọ tí ó fìdí balẹ̀, àti ọmọ ọlọ tí ọwọ́ méjèèjì ń tì síwá tì sẹ́yìn lórí rẹ̀. Obìnrin á ti kúnlẹ̀ tì í kí àkùkọ tó kọ, á máa bu àgbàdo sí i níwọ̀nba níwọ̀nba, á sì máa lọ̀ ọ́ títí tí igbá ìsàlẹ̀ yóò fi kún. Bí ó bá pẹ́, ojú ọlọ á dán gbinrin, àgbàdo á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìfọ́. Nígbà náà ni ìyá á fọ ọlọ náà mọ́, á wá òkúta líle kan tí ó ní ṣónṣó, á sì máa fi gún ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́, kò ní gbá a tagbára-tagbára kí ó má baà là, kò sì ní rọ ọwọ́ jù kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà já sí asán, títí tí àtẹ́lẹwọ́ tí ó fi pa á yóò fi sọ fún un pé eyín ti hù. Lẹ́yìn èyí, á lọ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan dànù kí iyanrìn òkúta lè bá a lọ. Mo dúró lórí iṣẹ́ yìí díẹ̀ nítorí pé gbogbo ọgbọ́n ilé ìlọ, ìbáà jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí, tàbí èyí tí omi ń yí, tàbí èyí tí epo ń yí, inú rẹ̀ ni ó ti pilẹ̀ ṣẹ̀: ojú méjì tí ń pàdé, eyín tí ó wà lára wọn, àti ọwọ́ tí ó mọ ìgbà tí eyín náà ti kú.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, eékún àwọn obìnrin sinmi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ńjìnnì olókìkí tí ó bá wa lọ àgbàdo ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yìí ni Lister, èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Íńdíà náà sì kọ́ láti máa ṣe irú rẹ̀ ní Rajkot. Pístọ̀nì kan ṣoṣo ni ó ní, kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, agbára ẹṣin 6 ni irú kan nínú ẹ̀ńjìnnì náà ní, kì í sì í sáré ju ìyípo 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àìsáré yìí gan-an ni ẹ̀mí gígùn rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí kò kánjú kì í tètè jẹ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó ẹ̀rọ náà dàgbà ó sì papòdà, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ sí Kútọnu tàbí Èkó, ẹ̀rọ kékeré tuntun dé sí ìdí ọjà, ti àtijọ́ sì dákẹ́. Àwọn tí ń ra irin jákujàku ni ó kù tí ń bèèrè rẹ̀. Kí a tó dá wọn lóhùn, ó dára kí a gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sí irú ọ̀ràn yìí.

Ní Brixton, ní agbègbè Lambeth ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún lọ́jà lójoojúmọ́, ilé ìlọ kan wà tí a fi bíríkì kọ́ ní ọdún 1816, tí afẹ́fẹ́ sì ń yí ọlọ inú rẹ̀ nípa apá gígùn mẹ́rin tí ó nà sókè. Ìdílé Ashby ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ilé àwọn ènìyàn yí i ká tí afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ sí ẹ̀bá odò ní Mitcham ní 1862. Nígbà tí ó di 1902, wọ́n padà wá, wọ́n gbé ọlọ kékeré kan tí ẹ̀ńjìnnì ń yí sínú ilé àtijọ́ náà, wọ́n sì ń lò ó títí di 1934. Ìjọba ìlú tún un ṣe ní 1964, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lọ ọkà nínú rẹ̀, ilé tí a kò sì lò ni ikán ń gbà. Kò pẹ́ tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àwọn ará àdúgbò ni ó gba ọ̀ràn náà rò. Ní 2003 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Friends of Windmill Gardens, ẹgbẹ́ tí a kì í sanwó iṣẹ́ fún ọmọ inú rẹ̀, wọ́n yọ ìjọba lẹ́nu, wọ́n kọ ìwé, wọ́n rí owó ìrànwọ́ gbà lọ́wọ́ àpò owó tẹ́tẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún ọdún 2011, wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ohun tí ó tẹ̀lé e: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kọ́ iṣẹ́ ọlọ́lọ, wọ́n tún ọlọ 1902 náà ṣe, iná mànàmáná ni ó ń yí i báyìí, wọ́n sì ń lọ ìyẹ̀fun àlìkámà nínú rẹ̀ fún títà.

Àwọn ará Hólàńdì ti mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú. Ilé ìlọ alátẹ́gùn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1970, àwọn tí ó mọ bí a ti ń darí rẹ̀ ti darúgbó tán, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lọ atinúwá sílẹ̀, nínú èyí tí olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti ọ̀dọ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ àgbà ọlọ́lọ lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n sì ń dán wọn wò kí a tó fi ilé ìlọ lé wọn lọ́wọ́. Ní 2017, àjọ UNESCO kọ orúkọ iṣẹ́ àwọn ọlọ́lọ wọ̀nyí sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé, ìwé kan náà tí a kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa sí ní 2008, èyí tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni a kọ síbẹ̀, kì í ṣe ilé. Bí ó ti rí pẹ̀lú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó rí: ère tí a gbé kọ́ sára ògiri, tí kò sí onílù, tí kò sí akọrin, tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹsẹ̀ ijó rẹ̀, igi lásán ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tí ó bá tún ilé ìlọ kùn ní ọ̀dà, tí kò sì tún eyín ọlọ rẹ̀ ṣe, kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń tún eyín náà ṣe. Òkúta tí àwọn ọlọ́lọ Yúróòpù gbé gẹ̀gẹ̀ jù lọ ni èyí tí ó ti La Ferté-sous-Jouarre ní ilẹ̀ Faransé wá. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé òkúta náà, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di roboto, wọ́n á sì fi òrùka irin gbígbóná dè é ní ìbàdí kí ó lè fún un gírígírí nígbà tí ó bá tutù. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kì í mì; èyí tí ó wà lókè, tí ó lè wọn tọ́ọ̀nù kan, ni ó ń yí. Ojú àwọn méjèèjì ní poro tí a gbẹ́ láti àárín dé etí, bí èyí òkè bá sì ti ń yí, àwọn poro náà á máa ré ara wọn kọjá, wọ́n á máa gé ọkà, wọ́n á máa ti ìyẹ̀fun síta, atẹ́gùn á sì máa gba ibẹ̀ kọjá kí ìyẹ̀fun má baà gbóná. Òkúta méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn láé. Ní etí wọn, àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò ju nínípọn bébà lọ, ọwọ́ ọlọ́lọ tí ó ń gba ìyẹ̀fun tí ó ń jáde, tí ó ń fi àtàǹpàkò yí i lórí ìka, ni ó ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí a gbé òkúta sókè tàbí kí a sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí eyín bá kú, wọ́n á gbé òkúta òkè kúrò, wọ́n á sì dà á délẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè wòkè. Wọ́n á fi ẹ̀tù pupa kun pákó títọ́ kan, wọ́n á wọ́ ọ káàkiri ojú òkúta, ibi tí pupa bá lẹ̀ mọ́ ni ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlọ́lọ á wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á fi ìgúnpá lé orí àpò èèrí, á sì máa fi irin ẹlẹ́nu méjì ṣá ibi pupa náà díẹ̀díẹ̀, á la àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí ó tẹ́jú láàárín poro kan sí èkejì. Èérún irin á máa ta sí i lẹ́yìn ọwọ́, á wọlé sí awọ ara, kò sì ní jáde mọ́. Láyé àtijọ́, bí ẹni tí ń pọ́n òkúta bá wá iṣẹ́ wá, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni olówó ilé ìlọ kọ́kọ́ ń wò, kí ó lè rí àmì dúdú tí irin ti fi síbẹ̀. Àwọn atinúwá òde òní ń wọ awò ìdáàbòbò ojú àti ìbọ̀wọ́ awọ, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ìyá-ńlá wa tí ó ń fi ṣónṣó òkúta gún ọlọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, bí ó bá bá wọn níbẹ̀, yóò mọ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Nísinsìnyí, kí a padà wálé, kí a gbà pé ẹ̀ńjìnnì Lister àti ọlọ onírin kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ikpinlè tàbí Massè, tí àwọn ènìyàn sì ti pinnu láti jí i. Ọ̀wẹ̀ ni a ó fi ṣe é. Àwọn baba wa mọ àáró, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń bá ara wọn roko lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń péjọ sí iṣẹ́ kan tí ẹni tí ó ni ín sì ń bọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ Fọ̀n pàápàá ní dónkpè tiwọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà rí ti di arúgbó tí kò lè gbé kẹ̀kẹ́ irin mọ́, ọ̀dọ́ tí ó lè gbé e kò sì mọ ibi tí ó ń gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹnikẹ́ni má mú sípánà wá. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a gbé àga sílẹ̀ fún bàbá tí ó lo ẹ̀rọ náà, kí a sì bi í pé: kí ni ó ń ṣe kí ó tó dákẹ́? Ṣé èéfín dúdú ni, tàbí funfun? Ṣé omi rẹ̀ ń gbẹ? Ta ni ó tún un ṣe kẹ́yìn, kí ni ó sì pààrọ̀? Kí ọ̀dọ́ kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí èkejì máa fi fóònù ya àwòrán gbogbo igun ẹ̀rọ, kí a fi ẹfun sàmì sí gbogbo ohun tí a ó tú, èyí tí ó wà lápá ọ̀tún àti èyí tí ó wà lápá òsì. Mo ti rí i pé èyí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni ó ń fà á tí a fi ń rí ẹ̀rọ tí a tú láàárọ̀ tí a kò rí tò mọ́ títí di òní.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pístọ̀nì tí ó ti lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí òòlù, nítorí irin dídà kì í tẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kí a da epo dísù tí a lú pọ̀ mọ́ epo àtùpà sí i lórí, kí a fi sílẹ̀, kí a máa wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ láti mi kẹ̀kẹ́ ńlá náà díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, títí yóò fi gbà. Nígbà tí ó bá gbà, kí a yọ ọ́, kí a ha èédú orí rẹ̀ dànù, kí a wo òrùka rẹ̀. Kí a fa ọ́ìlì ìsàlẹ̀ jáde, nítorí omi yóò ti dà pọ̀ mọ́ ọn láti ọdún pípẹ́. Kí a tú ẹnu tí epo ti ń fọ́n wọlé, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dán an wò níta bóyá ó ń fọ́n epo kúnná. Kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ síwájú ẹnu náà nígbà ìdánwò, nítorí ipá epo yẹn lè gún awọ ara wọlé, ó sì léwu ju ọ̀bẹ lọ.

Àgbá omi tí ó wà lẹ́yìn ilé tún yẹ ní wíwò. Ẹ̀rọ yìí kò ní ohun tí ń ti omi. Páìpù méjì ni ó so ó mọ́ àgbá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Omi tí ó bá gbóná lára ẹ̀rọ á fúyẹ́, á gba ti òkè jáde, èyí tí ó tutù á gba ti ìsàlẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po láìsí ẹni tí ń tì í. Ọgbọ́n tí ó rọrùn tó báyìí kì í sábà bàjẹ́, àfi bí ìdọ̀tí bá dí páìpù, tàbí bí omi àgbá bá fà sẹ́yìn ju ẹnu páìpù òkè lọ.

Èyí ni ó mú wa dé eyín. Nínú ọlọ onírin, àwo irin méjì ni ó dojú kọ ara wọn, poro wà lójú wọn, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí, ìdè oníyíyí kan sì wà níta tí a fi ń mú wọn súnmọ́ra. Nígbà tí poro náà bá ti jẹ tán, ìyẹ̀fun á gbóná, á rí jákujàku, alọgbàdo á sì máa fún ìdè náà pọ̀ sí i ní ìrètí pé yóò kúnná, bẹ́ẹ̀ irin ni ó ń lọ̀ mọ́ àgbàdo. Àwo méjèèjì ni kí a pààrọ̀ pọ̀, kí a má fi tuntun pàdé ògbólógbòó. Lẹ́yìn pípààrọ̀, àgbàdo àkọ́kọ́ tí ó bá kọjá níbẹ̀ kí a dà á nù pátápátá, ẹran ọ̀sìn pàápàá kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kí a sì gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà jáde.

Ní ọjọ́ tí a ó tan án, olúkúlùkù yóò gbàdúrà bí ó ti mọ̀ ọ́n, nítorí ní ilẹ̀ wa a kì í gbé irin dìde láìrántí Ògún, alágbẹ̀dẹ ọ̀run, ọ̀sìn imọlẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti awakọ̀. Ẹnì kan á gbé ọ̀pá kékeré tí ó ń tú èémí ẹ̀rọ sílẹ̀ sókè, èyí tí ó lágbára á máa yí ọ̀pá ìtanná títí tí kẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò fi máa sáré, ìgbà náà ni a ó sọ ọ̀pá kékeré náà kalẹ̀. Kí a jẹ́ kí ó sáré lásán fún ìgbà díẹ̀, kí a fọwọ́ kan páìpù òkè láti mọ̀ bóyá omi ń yí, kí a tó gbé bẹ́líìtì kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ni ín? Ní ìhà Bamenda ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, láàárín àwọn ọdún 1950, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Elizabeth O'Kelly ran àwọn obìnrin abúlé lọ́wọ́ láti gba ọlọ àfọwọ́yí ní àwìn. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń san gbèsè náà, a sì ń fi owó tí ó bá wọlé ra ti abúlé mìíràn, títí ẹgbẹ́ náà fi tó nǹkan bí 200. Owó tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí ju kí a fi ẹ̀rọ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ó ru àgbàdo wá sí ìdí ọlọ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé eyín ti kú. Kí ìwé kan wà lára ògiri, kí a máa kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí a pààrọ̀ àwo, àti iye owó tí ó wọlé, kí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ sì mọ bí a ti ń tan ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ti mọ̀ ọ́n.

Kí a ṣe ọgbà irin yí bẹ́líìtì ká, nítorí ìró àti gèlè tètè ń kó sí i. Kí páìpù èéfín jáde kọjá òrùlé. Kí a máa gbá eruku ìyẹ̀fun kúrò lára igi àjà lójoojúmọ́, kí a sì tọ́jú epo sí ilé ọ̀tọ̀. Iná kì í bi ilé ìlọ léèrè ọjọ́ orí. Èyí tí ń jẹ́ Mostert's Mill ní Cape Town, tí a kọ́ ní 1796, tí àwọn atinúwá sì ti ń lọ ọkà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná tí ó ṣẹ́ lórí òkè ni ó jó o ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021. Igi rẹ̀ jóná, àwọn ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò jóná, àwọn náà ni ó sì gbé ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ rẹ̀ dìde.

Ní tiwa, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ná wa ní owó. Kí a lo ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí oko kò fi bẹ́ẹ̀ há wa mọ́lẹ̀, láti rìn yí ká abúlé Adja-Ouèrè, kí a kọ ibi tí ẹ̀rọ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, ẹni tí ó ni ín, ohun tí ó kù lára rẹ̀, àti orúkọ bàbá tàbí ìyá tí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí a mú ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ó bàjẹ́ díẹ̀ jù lọ, kí a fi ṣe ilé ẹ̀kọ́, kí a tó fọwọ́ kan èkejì.